Ọ̀sẹ̀ méjì ní Ìlú Ọba lówó péréte: níbo la ti lè rìn, níbo la ti lè jẹun?

Àbẹ̀níÌbàdàn
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin ará ilé. Ọlọ́run ti ṣe é, fisa èmi àti bàbá àwọn ọmọ ti jáde, a máa wà ní Ìlú Ọba fún bí ọ̀sẹ̀ méjì nínú oṣù karùn-ún, àwọn ọmọ á wà lọ́dọ̀ ìyá mi. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbé ní Croydon ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀dọ̀ wọn la máa kọ́kọ́ dé sí, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ ká jókòó sí pálọ̀ wọn ká máa wo Africa Magic bí ẹni tó ṣì wà ní Bódìjà, mo fẹ́ rí ìlú. Owó tá a ní lójúmọ́ fún oúnjẹ, ọkọ̀ àti ibi tá a bá fẹ́ wò ò lè ju £60 lọ fún àwa méjèèjì, owó ibi tá a máa sùn wà lọ́tọ̀. Tísà ìtàn lọkọ mi, tẹ́ ẹ bá ti fi músíọ́mù hàn án ó parí, èmi ní tèmi ọ̀rọ̀ oúnjẹ ló ká mi lára, mi ò lè máa jẹ búrẹ́dì tútù lójoojúmọ́. Àwọn kan ní ká má kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn kan ní Edinburgh ló rẹwà jù, ẹnìkan tún ní ká ṣe ìlú mẹ́fà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà wá nímọ̀ràn.

Bọ̀dáRyeLane
Ẹ káàbọ̀ kẹ́ ẹ tó dé, mà. Àkọ́kọ́ ná, ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì aláìlórùlé tí wọ́n fi ń gbé àlejò kiri yẹn o, bọ́ọ̀sì pupa tí gbogbo wa ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ni kẹ́ ẹ wọ̀. £1.75 ni, tẹ́ ẹ bá ti fi káàdì báńkì yín kan ẹ̀rọ, láàárín wákàtí kan ẹ lè sọ̀ kẹ́ ẹ wọ òmíràn láì san kọ́bọ̀ sí i, tó bá sì jẹ́ bọ́ọ̀sì nìkan lẹ wọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, wọn ò ní gbà ju £5.25 lọ lọ́wọ́ ẹnìkan. Wọn kì í gba owó lọ́wọ́ ènìyàn nínú bọ́ọ̀sì Lọ́ńdọ̀nù láti 2014, torí náà kí ẹ̀yin méjèèjì ní káàdì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ ò lè fi káàdì kan san fún ènìyàn méjì. Tí káàdì Nàìjíríà yín bá ń ṣe ségesège ẹ ra Oyster, káàdì ọkọ̀ Lọ́ńdọ̀nù tí wọ́n ń kó owó sí.

Bọ́ọ̀sì tí mo fẹ́ràn jù fún àlejò ni 453. Ẹ wọ̀ ọ́ ní Old Kent Road tàbí ní Elephant and Castle, ẹ gun òkè, kẹ́ ẹ jókòó síwájú pátápátá. Ó máa gbé yín gba orí Westminster Bridge, Big Ben á wà níwájú yín, ó gba Trafalgar Square, ó gba Regent Street dé Oxford Circus. Ohun tí àwọn yẹn ń gba owó ńlá fún nìyẹn.

Ibi wíwò náà, ọ̀fẹ́ ló pọ̀ jù: British Museum, National Gallery, Tate Modern, V&A, Natural History Museum, kò sí èyí tí wọ́n ń gbowó ẹnu ọ̀nà níbẹ̀ àfi tẹ́ ẹ bá fẹ́ wo àfihàn pàtàkì kan. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ wo ìlú láti òkè, ẹ má lọ san owó London Eye, Sky Garden wà ní Fenchurch Street, ọ̀fẹ́ ni, ẹ kàn gbọ́dọ̀ tètè búùkù lórí íntánẹ́ẹ̀tì torí ó máa ń tán kíá.

ÌyáÌbejì_Leeds
Bọ̀dáRyeLane ti sọ ti Lọ́ńdọ̀nù, ẹ jẹ́ n sọ ibi tí owó ti máa ń jò gan-an, tíréènì ni. Àǹtí Àbẹ̀ní, tẹ́ ẹ bá dé sítéṣọ̀n láàárọ̀ ọjọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ rìn tẹ́ ẹ ní kí wọ́n fún yín ní tíkẹ́ẹ̀tì Manchester, ẹ máa sunkún. Tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní Advance ni kẹ́ ẹ rà, ó máa ń jáde bí ọ̀sẹ̀ méjìlá ṣáájú, ẹ lè jókòó sí Ìbàdàn kẹ́ ẹ rà á. Ọkọ̀ tó wà lórí ẹ̀ nìkan lẹ lè wọ̀ o, tẹ́ ẹ bá pẹ́ ó ti lọ nìyẹn.

Ẹ̀yin méjì lẹ jọ ń rìn, ẹ ra Two Together Railcard. £35 ni, ọdún kan ló fi máa ń ṣiṣẹ́, orúkọ àti fọ́tò ẹ̀yin méjèèjì á wà lórí ẹ̀, wọ́n á yọ ìdá kan nínú mẹ́ta owó tíkẹ́ẹ̀tì yín nígbàkígbà tẹ́ ẹ bá jọ wọkọ̀. Ó kàn jẹ́ pé láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì kò ṣiṣẹ́ ṣáájú aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ àárọ̀. Lílọ Manchester, àti ibẹ̀ lọ Scotland, kẹ́ ẹ sì padà sí Lọ́ńdọ̀nù, owó káàdì yẹn ti padà wálé. Tí tíréènì bá ṣì wọ́n, bọ́ọ̀sì ọ̀nà jíjìn National Express àti FlixBus wà, ó máa ń pẹ́ lójú ọ̀nà ṣùgbọ́n ó máa ń dín sí ìdajì nígbà míì. Bọ́ọ̀sì inú ìlú àti láti ìlú kékeré sí kékeré ní England, £3 ni wọ́n fi òté lé, kì í kọjá bẹ́ẹ̀ fún àlọ nìkan lórí ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀sì.

Ìlú mẹ́fà kẹ̀? Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fẹ́ kẹ́ ẹ máa di ẹrù tú ẹrù ni. Ẹ mú ibi mẹ́ta tẹ́ ẹ máa sùn sí, kẹ́ ẹ máa jáde láti ibẹ̀ lọ síbòmíì kẹ́ ẹ padà wá sùn.

ỌmọÀjàní77
Èmi ò ní wọ British Museum láéláé. Ẹrù tí wọ́n kó ní ilé wa ló kún ibẹ̀, ẹ tún fẹ́ wọkọ̀ òfuurufú lọ máa yà á ní fọ́tò. Ẹ lọ wo nǹkan míì jàre.

TísàFẹ̀yìntì
Àbúrò ỌmọÀjàní, mo gbọ́ ẹ, inú ń bí èmi náà. Ṣùgbọ́n ọkọ Àbẹ̀ní ń kọ́ ọmọ ní ìtàn, ẹ jẹ́ kó fojú ara ẹ̀ rí i. Orí Ifẹ̀ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n hú jáde ní agbolé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938, nígbà tó fi máa di 1939 ó ti dé British Museum. Àwọn idẹ Benin tí àwọn ọmọ ogun òyìnbó kó ní 1897 náà wà nísàlẹ̀, ní yàrá Áfíríkà. Ọ̀pọ̀ àlejò kì í sọ̀ kalẹ̀ débẹ̀, wọ́n á kàn sáré lọ wo òkú àwọn ará Íjíbítì. Ẹ lọ lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ó máa ń ṣí di aago mẹ́jọ ààbọ̀, èrò kì í pọ̀ tó ti ọ̀sán.

Tí inú bá wá ń bí yín lẹ́yìn tẹ́ ẹ jáde, ẹ lọ sí Horniman ní Forest Hill. Músíọ́mù yẹn ló gbé ẹ̀tọ́ lórí àwọn nǹkan Benin méjìléláàádọ́rin padà fún Nàìjíríà ní 2022. Ọ̀fẹ́ ni, ọgbà tó yí i ká náà ọ̀fẹ́ ni, láti orí òkè ibẹ̀ lẹ ti máa rí Lọ́ńdọ̀nù láti ìkangun dé ìkangun.

Bọ̀dáRyeLane
Tísà ẹ ṣé é sà, ẹ rán mi létí. Àǹtí Àbẹ̀ní, ìròyìn ayọ̀ ni fún yín: bọ́ọ̀sì 197 ló ń ti Croydon wá sí Peckham, Forest Hill ló sì ń gbà. Torí náà ọjọ́ kan ti tán nìyẹn, ẹ wọ̀ ọ́ nítòsí ilé ẹ̀gbọ́n yín láàárọ̀, ẹ sọ̀ ní Forest Hill, ẹ wo Horniman, ẹ tún wọ 197 yẹn wá sí Peckham lọ́sàn-án. Tẹ́ ẹ bá sọ̀ ní Rye Lane ẹ ò ní mọ̀ pé ẹ kúrò nílé, iṣu wà nílẹ̀, panla wà, àwọn tó ń dirun ń pe ènìyàn wọlé, ẹ máa gbọ́ Yorùbá ju Òyìnbó lọ. Fún ilé oúnjẹ wa tó ní àga àti fọ́ọ̀kì ẹ lọ sí Old Kent Road, èyí tí wọ́n ń pè ní 805 ti wà níbẹ̀ tipẹ́, àmàlà wà, ẹja yíyan wà, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe oúnjẹ owó péréte o, abọ́ kan á tó ẹ̀yin méjì, ẹ má bẹ̀rù àti pín in.

Sísí_Mi_Ò_Gbẹ́rù
Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ tẹ́nìkan ò fẹ́ sọ. Ẹ gbé gààrí. Gààrí Ìjẹ̀bú, ata gígún, èlùbọ́ díẹ̀. Ẹ dé ibi tó ní kíṣìnì, ẹ lọ sí Lidl tàbí Aldi ẹ ra ẹyin, tìnnì ẹja àti ẹ̀fọ́, oúnjẹ alẹ́ ti jáde, kò ní gbà yín ju £5 lọ. Ẹran àti mílíìkì lẹ ò gbọdọ̀ gbé wọ ibí rárá o, wọ́n máa gbà á ní pápákọ̀, wọ́n sì máa tú àpò yín wò. Kí èèyàn máa ná £30 lórí oúnjẹ alẹ́ nígbà tó ní gààrí, mi ò rí ìdí ẹ̀.

Déjì_Ancoats
Sísí, ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n wá láti Ìbàdàn kí wọ́n wá máa mu gààrí ní Manchester? Ṣé ẹ fẹ́ kí obìnrin yẹn bú sẹ́kún ni?

Àǹtí, ní Manchester tiwa níbí oúnjẹ kan wà tí wọ́n ń pè ní rice and three. Ìrẹsì lábẹ́, wọ́n á bu ọbẹ̀ mẹ́ta tó bá wù yín lé e lórí, ẹran, ẹ̀wà lẹ́ńtìlì, ẹ̀fọ́. Àwọn káfẹ́ ará Pakistan kéékèèké tó wà ní Northern Quarter ló ń tà á, This & That lorúkọ èyí táwọn ènìyàn mọ̀ jù, inú àdúgbò tóóró kan ló wà, tẹ́ ẹ bá rí i láti ìta ẹ lè rò pé ibi ìkẹ́rù sí ni. Ata wà níbẹ̀ gan-an, kì í ṣe ata ẹnu lásán. Ó ń yó ènìyàn títí di alẹ́. Lálẹ́ ẹ lè lọ Wilmslow Road ní Rusholme, Curry Mile ni wọ́n ń pè é, ibẹ̀ lẹ ti máa rí kébáàbù àti ṣáwámà tí wọ́n ń sun lórí èédú lójú yín, bí ọ̀dọ̀ mọ́là onísúyà gẹ́lẹ́ ló ṣe ń rùn.

Ibi wíwò: ẹ lọ sí John Rylands Library ní Deansgate. Ọ̀fẹ́ ni. Ní 1900 ni wọ́n ṣí i, opó obìnrin kan ló kọ́ ọ ní ìrántí ọkọ ẹ̀, ẹ máa rò pé ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ lẹ wọ̀, bàbá àwọn ọmọ ò ní fẹ́ jáde. Bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ tún wà tó ń yí àárín ìlú ká, wọ́n kọ FREE BUS sí i lára gàdàgbà, ẹ ò ní san ohunkóhun. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ pé wọ́n ń gbowó láti wo inú Old Trafford, òótọ́ ni, ó sì wọ́n. Ẹ dúró níta ẹ ya fọ́tò pẹ̀lú ère, ẹ máa lọ.

Sísí_Mi_Ò_Gbẹ́rù
Déjì, rice and three yẹn gan-an, èló ni? Ẹ má fi £10 sínú ẹnu pè é ní owó péréte.

Déjì_Ancoats
Kò tó £10 o. Àti pé ẹ ò fọ abọ́.

Àbẹ̀níÌbàdàn
Ẹ̀yin ènìyàn wọ̀nyí, ẹ ṣeun, mò ń kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Bàbá àwọn ọmọ ti ka ti Tísà, ó ní ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ la máa lọ. Ẹ̀yin ará Scotland ńkọ́? Kí ló tún kù nípa oúnjẹ ọ̀sán tí a bá wà ní ìta tí a ò mọ ibi tí a wà?

ÌyáÌbejì_Leeds
Ọ̀sán rọrùn. Meal deal ni. Wọ inú Tesco tàbí Sainsbury's tàbí Boots, ẹ mú sáńwíìṣì kan, ìpanu kan, ohun mímu kan, wọ́n á kó o pọ̀ fún bíi £4, tẹ́ ẹ bá ní káàdì wọn ó tún máa ń dín díẹ̀, ẹ ní kí ẹ̀gbọ́n yín yá yín ní Clubcard wọn, ìyẹn káàdì Tesco. Mo mọ̀ pé ẹ ní ẹ ò jẹ búrẹ́dì tútù, Greggs wà ní gbogbo orígun, míìtì páì wọn tí wọ́n ń pè ní steak bake máa ń gbóná, ó jọ míìtì páì ilé wa díẹ̀ àmọ́ ọbẹ̀ ló wà nínú ẹ̀, ẹ ṣọ́ra kó má jó yín lẹ́nu. Tó bá ti di ìrọ̀lẹ́, ẹ wo àwọn súpámákẹ́ẹ̀tì dáadáa, wọ́n máa ń lẹ sítíkà yẹ́lò mọ́ oúnjẹ tó fẹ́ kọjá ọjọ́ ẹ̀, adìyẹ sísun odindi lè bọ́ sí owó yẹpẹrẹ. Fish and chips náà, ẹ má ra méjì, ọ̀kan tó yín, níbí ní Yorkshire ẹ ní kí wọ́n fi scraps sí i, ìyẹn àwọn fúláwà tó dín gbẹ nínú epo yẹn, wọn kì í gbowó ẹ̀.

Omi ńkọ́? Ẹ má ra omi. Ilé ọtí tàbí ilé oúnjẹ tó bá ní láísẹ́ǹsì ọtí, òfin ló ní kí wọ́n fún yín ní omi ẹ̀rọ lọ́fẹ̀ẹ́ tẹ́ ẹ bá béèrè. Wetherspoon ni pọ́ọ̀bù tí mo máa ń rán àwọn àlejò mi lọ fún oúnjẹ àárọ̀, ẹyin, ẹ̀wà, sọ́sééjì, kọ́fí tí wọ́n á máa bù sí i fún yín, kì í ṣe dandan kẹ́ ẹ mu ọtí, ẹ̀yin ará ṣọ́ọ̀ṣì ẹ fọkàn balẹ̀.

Akanbi_Southall
Ẹ gbàgbé ibi kan. Gurdwara àwọn Síìkì. Èyí tó wà ní Havelock Road ní Southall tóbi gan-an, òrùlé wúrà ló wà lórí ẹ̀, tíréènì Elizabeth line lẹ máa wọ̀ débẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá wọlé, ẹ̀sìn yòówù kó máa ṣe, wọ́n á fún un ní oúnjẹ lọ́fẹ̀ẹ́, langar ni wọ́n ń pè é, ẹ̀wà, rótì, ìrẹsì, kò sí ẹran níbẹ̀ rárá. Ẹ máa bọ́ bàtà, ẹ máa borí, ilẹ̀ lẹ máa jókòó sí pẹ̀lú gbogbo ènìyàn, olówó àti tálákà. Ẹ má lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́ bíi ẹni tó rí ilé oúnjẹ ọ̀fẹ́, ilé ìjọsìn ni, ẹ gbé ìwọ̀nba tẹ́ ẹ lè jẹ tán, kẹ́ ẹ sì fi nǹkan sínú àpótí kẹ́ ẹ tó jáde. Ṣùgbọ́n ẹ lọ o. Lára ohun tó dára jù tí mo ti fojú rí ní Lọ́ńdọ̀nù ni.

Àbẹ̀níÌbàdàn
Ṣé gèlè lè ṣe iṣẹ́ ìborí yẹn 😄

Akanbi_Southall
Gèlè dára àmọ́ ẹ jẹ́ kó kéré mà, ẹni tó bá jókòó sẹ́yìn yín náà fẹ́ ríran.

AdéKelvin
Scotland ti dé. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ sùn ní Glasgow, kẹ́ ẹ lọ Edinburgh fún ọjọ́ kan. Tíréènì àárín wọn ò ju bí wákàtí kan lọ, ó ń lọ ó ń bọ̀ ní gbogbo ìgbà, owó hòtẹ́ẹ̀lì Glasgow sì máa ń rọjú ju ti Edinburgh lọ. Oṣù karùn-ún lẹ ń bọ̀, ó dáa, ẹ ò bọ́ sí oṣù kẹjọ tí wọ́n ń ṣe àjọ̀dún eré tíátà wọn, nígbà yẹn bẹ́ẹ̀dì kan ní Edinburgh lè jẹ odindi owó tẹ́ ẹ gbé wá.

Glasgow: Kelvingrove ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ. 1901 ni wọ́n ṣí i, ọ̀fẹ́ ni, erin wà níbẹ̀, ọkọ̀ òfuurufú ogun Spitfire so rọ̀ lókè orí yín, ẹ jẹ́ kó jẹ́ aago kan ọ̀sán lẹ máa wà ní gbọ̀ngán àárín torí wọ́n máa ń tẹ dùùrù ńlá níbẹ̀. Ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ wọn, láti 1896 ló ti wà, sítéṣọ̀n mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré, ó kàn ń yí po ni, tẹ́ ẹ bá sùn lọ nínú ẹ̀ ẹ máa padà síbi tẹ́ ẹ ti wọ̀ ọ́. Ẹ tún rìn lọ sí Necropolis lẹ́yìn kàtídírà, ibojì àwọn olówó àtijọ́ lórí òkè. Ọkọ yín á rí ohun kan níbẹ̀, owó tábà àti ṣúgà ló kọ́ apá kan ìlú yìí, ẹ sì mọ ẹni tó ṣiṣẹ́ lóko yẹn.

Edinburgh: wọ́n ń gbowó láti wọ kásù wọn, Edinburgh Castle, ó sì wọ́n, mi ò rò pé ó tọ́ sí yín lórí £60. Ẹ wò ó láti ìsàlẹ̀. Aago kan ọ̀sán wọ́n máa ń yin ìbọn ńlá kan níbẹ̀, ẹ máa gbọ́ ọ láti Princes Street láì san nǹkan kan, àlejò tí wọn ò tíì sọ fún á fò sókè. National Museum of Scotland ní Chambers Street, ọ̀fẹ́. Arthur's Seat, òkè tó ga ní mítà 251, ọ̀fẹ́, ẹ wọ bàtà gidi. Tí ẹsẹ̀ bá ń dun Àǹtí ẹ gun Calton Hill, kò ga, ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ ti dókè. Oúnjẹ: Mosque Kitchen, nítòsí mọ́ṣáláṣí àárín ìlú, kọ́rì àti ìrẹsì, ata wà, owó ẹ̀ ṣeé sọ.

Alàgbà_Mersey
Gbogbo yín ń sọ Manchester, Manchester. Liverpool ńkọ́? Ọmọ mi, tí ọkọ yín bá jẹ́ tísà ìtàn tí kò dé Liverpool, kò tíì ṣe nǹkan kan. Èbúté yìí ni ọ̀pọ̀ àwọn bàbá wa ti sọ̀ kalẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi Aureol ti ilé-iṣẹ́ Elder Dempster, láti 1951 ló ti ń gbé ènìyàn láti Lagos wá síbí, títí di 1972 tí wọ́n gbé ìkángun ẹ̀ lọ Southampton. Lára àwọn lọ́yà àti dókítà wa àtijọ́, Pier Head ni wọ́n kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹ̀. Ẹ dúró níbẹ̀ kẹ́ ẹ wo odò yẹn, ọ̀fẹ́ ni, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ nìkan lẹ máa fi owó ara yín san.

Músíọ́mù nípa òwò ẹrú wà ní Albert Dock, àmọ́ wọ́n ti tì í láti ìbẹ̀rẹ̀ 2025 láti tún un kọ́, ẹ má rìn lọ síbẹ̀ lásán. World Museum àti Walker Art Gallery ṣì ń ṣí, ọ̀fẹ́ ni méjèèjì, ìta kan náà ni wọ́n wà. Lẹ́yìn náà ẹ rin Hope Street, kàtídírà Áńgílíkà wà lọ́wọ́ kan, ti Kátólíìkì wà lọ́wọ́ kejì, ẹ lè wọ méjèèjì láì sanwó. Ẹ jẹ scouse, ọbẹ̀ ẹran, ọ̀dùnkún àti kárọ́ọ̀tì tí orúkọ àwọn ará ibí ti jáde, wọ́n ń fi búrẹ́dì jẹ ẹ́. Kò ní ata. Ẹ gbé ata gígún Sísí lọ́wọ́.

Sísí_Mi_Ò_Gbẹ́rù
Ẹ ṣé o Alàgbà. Ẹnìkan ti rí ìwúlò mi.

Bùnmi_Brum
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fo Birmingham bí ẹni fo kòtò, Ọlọ́run rí yín. Balti, irú ọbẹ̀ kọ́rì kan, ti jáde láti ìlú yìí, àwọn ará Pakistan àti Kashmir tó wà níbí ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní nǹkan bí 1970 sí i, inú abọ́ irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi sè é náà ni wọ́n ń gbé e wá síwájú yín, náànì ńlá lẹ máa fi jẹ ẹ́, ọwọ́ lẹ máa lò bí ẹni ń jẹ ẹ̀bà. Sparkbrook àti Sparkhill ni kẹ́ ẹ lọ. Láti orí òkè Library of Birmingham lẹ ti máa rí ìlú, ọgbà wà lókè lọ́hùn-ún, ọ̀fẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí ọkọ yín wò sì ni Bournville, àdúgbò tí ìdílé Cadbury kọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ṣokoléètì wọn. Wọ́n ń gbowó láti wọ Cadbury World, ẹ fi sílẹ̀, ẹ kàn rìn ní àdúgbò yẹn, ilé ẹlẹ́wà, pápá, igi. Ẹnikẹ́ni tí bàbá bàbá ẹ̀ gbin kòkó ní Oǹdó tàbí ní Ifẹ̀, kó lọ wo ibi tí kòkó ń di owó.

ỌmọÀjàní77
Èyí tí mo fẹ́ràn nìyẹn. Mi ò tíì ronú ẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí.

KòSíWàhálà
Gbogbo wàhálà yìí nítorí ìlú òtútù. Pẹ̀lú owó yẹn ẹ lè gbádùn ara yín ní Cotonou àti Ouidah fún oṣù kan, ẹ ò nílò fisa.

ÌyáÌbejì_Leeds
KòSíWàhálà, fisa ti jáde, tíkẹ́ẹ̀tì ti rà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ ti Ouidah ẹ ṣí ọ̀rọ̀ tiyín.

Àǹtí Àbẹ̀ní, nípa ibi sísùn: Travelodge àti Premier Inn máa ń dín owó tẹ́ ẹ bá tètè búùkù, bí oṣù méjì ṣáájú, tẹ́ ẹ bá dúró di ọ̀sẹ̀ tẹ́ ẹ ń bọ̀ ó máa ń di ìlọ́po. Họ́sítẹ́ẹ̀lì YHA náà ní yàrá ẹni méjì, ó sì ní kíṣìnì, kò jẹ́ ti àwọn ọ̀dọ́ nìkan. Kẹ́ ẹ ka ohun tí wọ́n kọ kékeré nísàlẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó o. Hòtẹ́ẹ̀lì kan tí mi ò ní dárúkọ gba owó lọ́wọ́ àbúrò mi láti bá a pa báàgì mọ́ di ìrọ̀lẹ́, owó tí ì bá fi jẹun. Sítéṣọ̀n ńlá náà máa ń gbowó fún báàgì, torí náà ẹ má gbé ẹrù tẹ́ ẹ ò lè fà.

Tẹ́ ẹ bá wá ráyè ọjọ́ kan láti Manchester, ẹ wá sí apá ọ̀dọ̀ wa. York: ògiri ìlú àtijọ́, ẹ lè rìn lórí ẹ̀ yí ìlú ká lọ́fẹ̀ẹ́, National Railway Museum, ọ̀fẹ́, àwọn ọkọ̀ ojú irin tó tóbi bí ilé. York Minster ń gbowó, ẹ wò ó láti ìta.

Àbẹ̀níÌbàdàn
Ó dáa, ẹ gbọ́ ohun tá a ti pinnu. Croydon fún bí ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀fẹ́. Lẹ́yìn náà Manchester, ká lọ Liverpool ká padà lọ́jọ́ kan, ká lọ York lọ́jọ́ kan. Lẹ́yìn ẹ̀ Glasgow, ká lọ Edinburgh ká padà. Birmingham, Bùnmi ẹ má bínú, tá a bá ń padà sí Lọ́ńdọ̀nù a máa sọ̀ níbẹ̀ fún wákàtí mélòó kan, balti àti Bournville. Mo ti sọ fún ẹ̀gbọ́n mi nípa Clubcard, wọ́n ní wọ́n máa yá wa. Gààrí wà nínú báàgì, Déjì ẹ má sọ nǹkan kan.

Déjì_Ancoats
Mi ò sọ̀rọ̀ 🤐

Bùnmi_Brum
Inú mi dùn. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá lo tíkẹ́ẹ̀tì Advance láti Glasgow sí Lọ́ńdọ̀nù, ẹ ò lè kàn sọ̀ ní Birmingham bó ṣe wù yín o, wọn kì í gbà kí ènìyàn já ìrìn àjò ẹ̀ láàárín. Ẹ ra méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, Glasgow sí Birmingham, Birmingham sí Lọ́ńdọ̀nù. Kẹ́ ẹ sì fi àyè tó pọ̀ sílẹ̀ láàárín wọn.

Àbẹ̀níÌbàdàn
Ẹ ṣé gan-an. Ìbéèrè kan ló kù: bí a ṣe tò ó yìí, ọjọ́ Àìkú la máa bọ́ sí Edinburgh. Bàbá àwọn ọmọ ti ń fi ìbọn aago kan yẹn yangàn fún àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀, ṣé ó máa ń dún lọ́jọ́ Àìkú?

AdéKelvin
Kì í dún lọ́jọ́ Àìkú. Ẹ gbé Edinburgh sí Sátidé, kẹ́ ẹ wo Kelvingrove lọ́jọ́ Àìkú, aago mẹ́ta ni wọ́n máa ń tẹ dùùrù lọ́jọ́ yẹn.